Sísí Méjì, Orúkọ Kan

Sátidé, 9 Júùnù 1979

Òjò ń rọ̀ láti ìdájí, síbẹ̀ omi ẹ̀rọ ò yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pọn omi láti ìsàlẹ̀ wá sí àjà kẹta.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kanlẹ̀kùn. Olúgbóyèga Ògúnjìmí lorúkọ ẹ̀, ó ní ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan lòun ń bá ṣiṣẹ́. Ẹrẹ̀ kún bàtà ẹ̀, ó sì bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà kí n tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà á láyè. Ó ní òun fẹ́ kọ̀wé nípa Sísí Méjì. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ yẹn sí mi létí. Ó fẹ́ fi ayé èmi àti ti Wòsílátù wéra: ibi tá a ti jọ bẹ̀rẹ̀ orin, àti ibi tí kálukú wa dé.

"Mà, tí ẹ bá gbọ́ 'Atukọ̀ Mi' lórí rédíò, kí lẹ máa ń rò?"

"Mo máa ń rò ó pé ẹ̀wà mi ti fẹ́ jóná."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn kan sọ fún mi pé ẹ̀yin gan-an lẹ kọ orin yẹn."

"Lọ wo ara rẹ́kọ́ọ̀dù. Orúkọ tó o bá rí níbẹ̀, òun ló kọ ọ́."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Nígbà tí Bàbá Bọ́sẹ̀ ti ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó béèrè ẹni tó wá. Mo ní òbí ọmọ kíláàsì mi kan ni.

Sọ́ńdè, 10 Júùnù

Bí mo ṣe ń dirun fún Bọ́sẹ̀ ló ń kọ "Atukọ̀ Mi." Ó ṣi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kejì kọ. Mi ò tún un ṣe.

Tọ́sìdeè, 14 Júùnù

Ọmọkùnrin oníròyìn yẹn ò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Ó fẹ́ fi wá wéra. Kò mọ̀ pé láti ọdún mọ́kànlá, kò sí ọjọ́ tí mi ò fi wá wéra.

Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kan náà la lọ. Èmi ọmọ katikíìsì, òun ọmọ onílẹ̀ Amùwò. Èmi ni mò ń kọ orin sílẹ̀, òun ni ohùn ẹ̀ ń mú wọn dìde. Ohùn tèmi tín-ín-rín, ó lọ sókè. Tiẹ̀ nípọn bí oyin. Ní 1965, àwa la gba ipò kìíní nínú ìdíje orin rédíò, gáùn kan náà lára àwa méjèèjì, ni wọ́n bá sọ wá ní Sísí Méjì. Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti kọ "Atukọ̀ Mi," lọ́jọ́ tó mú mi lọ kí bàbá ẹ̀. Kí a tó gúnlẹ̀ sí Amùwò, orin ti parí.

Ní 1968 a lọ gbà á sílẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n ṣègbéyàwó nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù jáde. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lára ẹ̀: Wòsílátù Sàláwù. Òun ló kọ ọ́, òun ló kọrin ẹ̀. Mi ò lọ bá a. Mi ò kọ lẹ́tà sí i. Nígbà tí mo bí Bọ́sẹ̀, ó fi aṣọ ránṣẹ́ sí ìkómọ. Mo dá a padà bí wọ́n ṣe dì í wá.

Láti ìgbà náà, ó ti kọrin ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi ti kọ́ àwọn ọmọ praimárì kejì ní ìsọdipúpọ̀. Ó ti fẹ́ ọkọ méjì, wọ́n ti lọ. Èmi fẹ́ ọ̀kan, ó wà. Àwòrán Wòsílátù wà lára ògiri onígbàjámọ̀ ní Mile 2. Tèmi wà nínú fáìlì àwọn olùkọ́. Ó ní mọ́tò. Èmi ní fúláàtì oníyàrá mẹ́ta tí orúkọ Bàbá Bọ́sẹ̀ jáde fún nígbà tí wọ́n dìbò ilé Festac fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Bí wọ́n bá ní kí n fi tèmi gba tiẹ̀... Mi ò ní kọ ìdáhùn yẹn síbí.

Túsìdeè, 19 Júùnù

Ó wá. Òun fúnra ẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwé dé. Mo gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé nísàlẹ̀, mo yọjú, mo rí Pijó funfun kan tí ẹrẹ̀ bò dé fèrèsé. Gbogbo bálíkónì tó kọjú sí wa ló ti kún. Wòsílátù gun àtẹ̀gùn wá, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó ti sanra díẹ̀. Ó jókòó kí n tó ní kó jókòó.

"Ẹ̀bùn."

"Ẹ káàsán, mà," ni mo dá a lóhùn, kí ó lè dùn ún.

"Má mà mí. Orin ni mo wá tọrọ."

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ ní òun máa ṣe ẹyọ kan sí i fún un. Bí ìyẹn ò bá tà, ó parí. Mẹ́ta tó ṣe kẹ́yìn, kò sẹ́ni tó rà á. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin onígìtá ló kọ wọ́n fún un. "Wọ́n ń kọ ọ́ fún mi bíi pé ọmọ ogún ọdún ni mí. Wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ sí mi lọ́fun lọ́dún tó kọjá. Òkè ohùn mi ti lọ, Ẹ̀bùn." Lóòótọ́, ohùn ẹ̀ ti ha.

"O wá fẹ́ kí n kọ òmíràn, kó o tún gbà á."

Ó wò mí títí. "Ìwọ náà kúkú mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jẹ́."

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

Mo ní irú ojú wo rèé, tí kò ní ìtìjú kankan? Ó dìde, ó lọ síbi fèrèsé. "Ṣé o rí ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí yẹn? Oko àgbọn bàbá bàbá mi ni. Ìjọba gbà á, wọ́n kọ́lé sí i, wọ́n fi í fún yín. Ìwọ ń sùn lórí ilẹ̀ mi, èmi ń jẹun lórí orin ẹ. Jẹ́ ká gbà pé ọ̀mì ni."

Nígbà tó yá, mo ní màá kọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ mi gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pérépéré.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Kí ló dé tí kò ní dá mi lójú?"

"Ó dáa. Mo ní kí n béèrè lọ́wọ́ ìwọ fúnra ẹ lẹ́ẹ̀kan yìí ni."

Ó lọ. Ìyá tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa ti wá béèrè bóyá àbúrò mi ni.

Fúráìdeè, 22 Júùnù

Orin ò wá. Mo jókòó ti ìwé òfo títí ìrẹsì fi jóná, ìrẹsì tó tún ti gbówó lórí.

Wẹ́sìdeè, 27 Júùnù

Inú kíláàsì ló ti wá, bí mo ṣe ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀yìn ìwé ọmọ ọlọ́mọ ni mo kọ ọ́ sí:

Mo ti ń bọ̀, mo ti ń bọ̀,
ọ̀nà ló ń sá fún mi.
Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kan, a súnra kúrò,
mo ti ń bọ̀, ẹ má tìlẹ̀kùn.

Mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà nínú mi.

Túsìdeè, 3 Júláì

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo ń lọ sí Amùwò lẹ́yìn ilé-ìwé. Ní ilé, mo ní mò ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní lẹ́sìnnì.

Agboolé bàbá ẹ̀ ni Wòsílátù padà sí. Àwòrán ẹ̀ kún ògiri: òun lẹ́bàá odò Lọ́ńdọ̀nù, òun nínú gáùn onídíńgí. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan. Ìyá ẹ̀ ti darúgbó gan-an. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ̀bùn ọmọ mi, ìwọ ló pẹ́ tó báyìí? Kí la ṣe fún ẹ?"

Ohùn Wòsílátù ò dé òkè orin náà mọ́. Mo bá a fà á wá sílẹ̀. Nísàlẹ̀ yẹn, híha ohùn ẹ̀ wá dà bí ẹni tó ti rìn jìnnà lóòótọ́. Orin mi dára ju bí mo ṣe rò lọ nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀. Inú bí mi, inú mi tún dùn. Lẹ́yìn náà mo kọ apá òkè kó lè gbọ́ bí ègbè ṣe máa rí. Ó di ojú.

"O ò jẹ́ kí ohùn yẹn kú."

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń lò ó."

"Níbi tí wọn ò ti ní jẹ́ kó o dá kọ nǹkan kan."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, a sì bo ẹnu lójijì, bí ẹni tó jalè. Ó wá ń sọ fún mi nípa àwọn ọmọ ẹ̀ ọkùnrin méjì tó wà lọ́dọ̀ bàbá wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Kérésì sí Kérésì ló ń gbúròó wọn. "Ọmọ tìẹ ń sùn sí yàrá kejì, o sì ń jowú mi."

"Mi ò sọ pé mò ń jowú."

"Kò dìgbà tó o bá sọ ọ́."

Sátidé, 7 Júláì

Ìdìbò. Gbogbo ayé tò sórí ìlà. Bàbá Bọ́sẹ̀ wà nílé látàárọ̀ dalẹ́, mi ò lè jáde. Mo ń kọ ègbè sínú bí mo ṣe ń ṣa ẹ̀fọ́.

Tọ́sìdeè, 12 Júláì

Mo ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé pé ibà ń ṣe mí. Pijó Wòsílátù gbé mi ní Mazamaza, ó di Ìkẹjà.

Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ tó gba orin wa sílẹ̀ ní 1968 ló ṣì wà níbẹ̀. Orí ẹ̀ ti funfun. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin la gba orin náà, ẹ̀ẹ̀kẹrin ló dáa. Èmi ni mo gbè é. Nígbà tá a parí, onígìtá ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Mo kọ orúkọ mi sí fọ́ọ̀mù, mo fọwọ́ sí i. Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ mú un, kò tètè fi sínú fáìlì.

"Mà, ṣé ọ̀gá mọ̀ sí i?"

"Ọ̀gá wo?"

"Ọkọ yín, mà."

Mo ní ó mọ̀. Irọ́ ni, mo sì ti pinnu pé màá sọ ọ́ di òótọ́.

Túsìdeè, 17 Júláì

Mo ti sọ fún Bàbá Bọ́sẹ̀. Mo dúró títí ó fi jẹun tán. Mo ní orúkọ mi máa jáde lára rẹ́kọ́ọ̀dù. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó bọ́ jígí ojú ẹ̀, ó nù ún, ó béèrè ibi tí ilé-iṣẹ́ náà wà. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ó dáa." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti rò ó pé mi ò mọ irú ọkọ tí mo fẹ́. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo din dòdò fún un láì jẹ́ pé ó béèrè.

Túsìdeè, 31 Júláì

Mo fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ kó má baà yí padà nínú orí mi.

Rẹ́kọ́ọ̀dù ti jáde. Mo rí i lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní Mile 2. "Mo Ti Ń Bọ̀." Ẹni tó kọ ọ́: Wòsílátù Sàláwù. Ẹni tó kọrin ẹ̀: Wòsílátù Sàláwù.

Bí mo ṣe dé Amùwò, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń pariwo. Mo pè é ní olè lójú ìyá ẹ̀. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan kò tó o, àfi kó di ẹ̀ẹ̀mejì. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Ẹ̀bùn, o tún ti bẹ̀rẹ̀ eré yẹn."

"Eré wo?"

"O kọ́kọ́ bẹ̀ mí kí n fi orúkọ ẹ síbẹ̀. O wá rán ọkọ ẹ lọ bá Fọlọ́runṣọ́ pé kí wọ́n yọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ. Bọ̀dá Fọlọ́runṣọ́ ló sọ fún mi."

Mo ní mi ò rán ẹnikẹ́ni. Ó wo ojú mi. Ó wọ inú yàrá, ó gbé àpótí kan jáde, ó mú lẹ́tà kan nínú ẹ̀, bébà ti pọ́n. Ọdún 1968. Ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ ọ́ sí, èdè òyìnbó ni. Ohun tó sọ ni pé Ẹ̀bùnlọlá, àfẹ́sọ́nà òun, ní kí òun kọ̀wé pé kò fẹ́ kí orúkọ ẹ̀ wà lára rẹ́kọ́ọ̀dù kankan pẹ̀lú irú obìnrin bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ tí a bí tí a sì kọ́ nílé ni Ẹ̀bùnlọlá. Olúfẹ́mi Gbádégẹṣin, ọkọ mi, ló fọwọ́ sí i. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Òun ló kọ orúkọ Bọ́sẹ̀ sínú Bíbélì wa.

"Wọ́n ní orúkọ kan gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀," Wòsílátù ní. "Mo ní ẹ kọ tèmi nígbà náà. 'Irú obìnrin bẹ́ẹ̀.' Mo sun ẹkún o. Síbẹ̀ nígbà tó o bímọ, mo ra aṣọ, mo ní bóyá ìbínú ti rọ̀. O dá a padà. Mo ní hẹn, òótọ́ ni, irú obìnrin tí mo jẹ́ lójú ẹ̀ nìyẹn."

Mo ní mi ò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ lásọtúnsọ bí ọmọdé.

"Kí ló dé tó ò béèrè?" Kò pariwo. "Ọdún mọ́kànlá, Ẹ̀bùn. Láti ilé ẹ sí ibí kò ju wákàtí kan lọ. O ò wá béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó rọrùn fún mi láti gbà pé olè ni. Òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí n máa lọ sílé, ó ti rẹ òun.

Wẹ́sìdeè, 1 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo bi Bàbá Bọ́sẹ̀ léèrè. Kò sẹ́ ẹ.

"Orúkọ wa ni mo dáàbò bò."

"Orúkọ ta ni? Orúkọ mi lẹ yọ kúrò."

"Bàbá ẹ mọ̀ sí i. Òun gan-an ló ní kí n ṣe nǹkan sí i, kó tó fi ẹ́ fún mi. Ẹ̀bùn, ta ló máa gbé ọkọ olórin dé ipò tí mo wà yìí? Ṣé o rò pé wọn ò ní sọ ọ́ ní ọ́fíìsì?"

"Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo ní kí ẹ kọ ọ́. Ẹ fi ẹnu mi sọ̀rọ̀."

"Ṣé ebi pa ẹ́ rí nílé yìí?"

Lóòótọ́, ebi ò pa mí rí. Bàbá mi ti kú láti 1972, mi ò sì lè bi í bóyá irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn.

Ó kúnlẹ̀ láti gbàdúrà bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní kí n ṣe àmín. Mi ò ṣe é.

Sọ́ńdè, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Tọ́sìdeè, 9 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ìwé ìròyìn Olúgbóyèga ti jáde. Ojú ewé méjì. Ó ní Wòsílátù ní òkìkí ṣùgbọ́n kò rí ọkọ bá gbé. Èmi ní ilé, ọkọ àti ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó ní kí òǹkàwé fúnra wọn sọ èyí tó sàn. Ó ní Wòsílátù ló kọ "Atukọ̀ Mi," pé èmi alára ló fẹnu mi jẹ́rìí sí i.

Mo lọ tẹ̀ ẹ́ láago ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo ní ohun tó kọ kì í ṣe òótọ́.

"Mà, ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ wo ara rẹ́kọ́ọ̀dù."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Kò purọ́ mọ́ mi.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ti gé e lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá àwọn tíṣà. Wọ́n ń bá mi yọ̀ pé èmi ni mo yan ipa rere.

Wẹ́sìdeè, 15 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, ọwọ́ ara mi, nípa orin méjèèjì. Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́ dá èsì padà. Ó káàánú mi, ṣùgbọ́n wọ́n ti tẹ ti tuntun tán. Bí wọ́n bá tún tẹ òmíràn, wọ́n á ṣe àtúnṣe. Ti 1968, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ nígbà yẹn kọ́ ló ni ín mọ́, kò sì sí ohun tí òun lè ṣe.

Wòsílátù ránṣẹ́ pè mí. Mo sáré lọ. Ó máa ṣe eré ní Trade Fair ní Sọ́ńdè, aago mẹ́rin ọ̀sán. Ọmọbìnrin tí wọ́n mú wá gbè é ò lè dé òkè orin náà. Ó ní kí n wá.

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Ègbè ni mo ní kó o wá gbè."

Sọ́ńdè, 19 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo sọ fún Bàbá Bọ́sẹ̀ ibi tí mò ń lọ. Ó ní, "Lójú gbogbo ayé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Òjò ti dá, ilẹ̀ ṣì rọ̀. Èrò pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí orin tuntun yẹn ti ń tà. Inú Wòsílátù dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó fi ọwọ́ bo ọ̀fun ẹ̀ títí wọ́n fi pè wá. Olùdarí ètò ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Wòsílátù Sàláwù "àti arábìnrin tó ń bá a gbè."

Wòsílátù gba makirofóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Arábìnrin yìí lórúkọ. Ẹ̀bùnlọlá ni. Òun ló kọ èyí tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí. Òun ló kọ 'Atukọ̀ Mi.' Èmi ò kọ ọ́."

Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo. Àwọn tó wà níwájú pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́. Wọ́n ń kígbe pé kí a bẹ̀rẹ̀ orin. A bẹ̀rẹ̀. Mo gbè é dé òkè pátápátá, ohùn mi ò sì yẹ̀. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn, gbogbo pápá ló ń kọ ọ́ pẹ̀lú wa. Mo rí ẹnu wọn. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó ń wò mí.

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó jẹ́ kí n dì í mú fún ìgbà díẹ̀, ó sì fa ọwọ́ ẹ̀ yọ. "Mo ti sọ tèmi," ó ní. Ó wọ mọ́tò. Kò ní kí n wọlé. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ojú títì.

Mọ́ńdè, 20 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n ti gbọ́ ní ọ́fíìsì Bàbá Bọ́sẹ̀ kó tó débẹ̀. Ó ní wọ́n bá òun yọ̀. Ọ̀gá àgbà tiẹ̀ béèrè bóyá mo lè wá kọrin níbi ìdágbére fún ẹni tó ń fẹ̀yìn tì. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n lù. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń bẹ̀rù àwọn èèyàn yẹn, wọn ò sì bínú rárá.

Mo wò ó, mo fẹ́ káàánú ẹ̀, kò wá.

Mo kó aṣọ mi lọ sí yàrá Bọ́sẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, táì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó béèrè pé títí di ìgbà wo. Mo ní mi ò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá mọ̀, èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́.